Gígun kẹ̀kẹ́ káàkiri ìgboro: àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí

Ìbàdàn ni mò ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni mo sì máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́, lọ sọ́jà, lọ kí ẹbí. Kò sí ibi tí mo dúró sí tí wọn kì í ti bi mí ní nǹkan: àwọn kan láti ojú fèrèsé Míkrà, takisí wa níbí, àwọn kan ní ìsọ̀ fọkànísà, àwọn mìíràn lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, onítáyà méjì tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kì í ṣe Márúwá.

Kí ni kẹ̀kẹ́ fi sàn fún àyíká ju ọkọ̀ lọ?

Lítà epo bẹntiróòlù kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì bá jó, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó wọn bíi kílò 2.3 ló ń gba ẹnu sàláńsà jáde. Ọkọ̀ tó ti gbó díẹ̀, tó tún há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á jó tó lítà kan lórí kìlómítà mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi kìlómítà márùn-ún jìn sílé. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, lítà kan lójúmọ́. Tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, ó ti tú bíi 50 kílò afẹ́fẹ́ yìí sójú sánmà, nítorí ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbé e dé láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ẹ sì rántí pé ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná dáadáa máa ń mu epo ju èyí tó ti gbóná lọ, nítorí náà ìrìn kúkurú gan-an ló ń fi epo ṣòfò jù.

Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ló ń mú kí ayé máa gbóná sí i, òun ni àwọn onímọ̀ sì ń pariwo lé lórí. Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n láàárín ìgboro ni èéfín dúdú tó ń jáde lẹ́nu sàláńsà kòròpe (bọ́ọ̀sì kékeré) àti tírélà. Ìyá tó ń dín àkàrà ní Sángo, ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá nísàlẹ̀ bíríìjì Mọ́kọ́lá, àwọn ló ń fà á símú láti àárọ̀ di alẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan kò lè kó èéfín yẹn kúrò nílẹ̀, àmọ́ kò ní fi kún un. Kì í pariwo, kì í sì í gba àyè: ibi tí ọkọ̀ kan gbà dúró sí, kẹ̀kẹ́ tó mẹ́wàá á gba ibẹ̀.

Èló gan-an ni màá rí fi pamọ́?

Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti fò kọjá 480. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ẹni tí mo sọ lókè yẹn tó ń jó lítà kan lójúmọ́, kó ka iye tó ń ra lítà kan lónìí lọ́nà 22, kó wo ohun tó ń ná lóṣù sórí ìrìn kìlómítà márùn-ún. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, kó ṣírò owó Míkrà rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà ń ná èèyàn lówó. Táyà á jẹ, túùbù á jò, rọ́bà bíréèkì á tán, ṣéènì á fẹ́ òróró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́, wọn kì í sì í fi owó kún un láàárín òru. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ta ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ máa gbé ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ máa fi gbé ìyá lọ sí ọsibítù. Ìrìn kúkurú ìgboro ni mò ń bá yín sọ.

Wọn ò ní máa rò pé nǹkan ti dojú rú fún mi?

Àwọn kan á rò ó. Ìtìjú yìí ń dá èèyàn dúró nílé ju òkè àti òjò lọ, ó sì ń dùn mí, nítorí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà kan. Láyé àwọn bàbá wa, wolé-wolé ló ń gun kẹ̀kẹ́ wá yẹ ìkòkò omi wò. Olùkọ́ ló ń gùn ún, akọ̀wé kóòtù ń gùn ún, katikíìsì ń fi í kiri abúlé láti wàásù. Àgbẹ̀ tó bá ta kòkó tán, tó bá ra Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham, ilé rẹ̀ kì í gba èrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń fi àkísà àti òróró nù ún, ó ń so fèrè aláagogo mọ́ ọn, iyàrá ni wọ́n ń tì í mọ́. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé láàárín ọdún 1970 sí 1979, tí àwọn òṣìṣẹ́ gba owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, ni alùpùpù àti mọ́tò gba ipò iyì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórílẹ̀-èdè Netherlands, Mark Rutte tó ṣe olórí ìjọba wọn láti 2010 di 2024 máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni kò tìtorí ìyẹn pè é ní tálákà. Lọ́dọ̀ wa níbí, ohun tí mo ti ṣàkíyèsí ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sín kì í pẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àdúgbò ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ẹ ti rà á.

Ṣé kò léwu lójú títì wa yìí?

Ó léwu, n kò ní tàn yín. Ẹni tó bá sọ pé kò léwu kò tíì gùn ún lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Ìwó Road. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí ewu náà ṣe ń wá àti bí a ṣe ń yẹra fún un.

Ọwọ́ ọ̀tún ni ká máa gbà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí ọkọ̀ nítorí wọ́n fẹ́ máa rí ohun tó ń bọ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹni tó bá kọjú sí ọkọ̀, eré tirẹ̀ àti ti ọkọ̀ ló ń pàdé ara wọn, awakọ̀ tó sì ń yọ láti ojúlé kò ní wo apá ibẹ̀ rárá.

Ẹ má rìn mọ́ etí gọ́tà. Ẹ fi bí ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ láàárín yín àti ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹ lè ní ibi tí ẹ máa yà sí nígbà tí kòtò bá yọjú. Bí ẹ bá sì há mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátápátá, ṣe ni awakọ̀ á rò pé àyè tó láti fún yín kọjá.

Míkrà àti kòròpe ni kí ẹ fojú sí jù. Ibi tí èrò bá ti nawọ́ ni wọ́n ń dúró sí, láìtan iná. Tí èyí tó wà níwájú bá ti dúró, ẹ wo inú rẹ̀ láti ojú dígí ẹ̀yìn kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí èrò tó ń gba ṣéńjì, tàbí tí èjìká rẹ̀ ń yí sí ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn ti fẹ́ ṣí nìyẹn. Ẹ rọra tẹ bíréèkì, ẹ bojú wẹ̀yìn, kí ẹ tó gba ọwọ́ òsì rẹ̀ kọjá. Ẹ má gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láéláé. Ibẹ̀ ni èrò ń bọ́ sí.

Omi tó dúró lójú títì, ẹ má kó sínú rẹ̀. Ẹ kò mọ bí kòtò ìdí rẹ̀ ṣe jìn tó, ó sì lè jẹ́ ojú gọ́tà tí wọ́n ti jí irin orí rẹ̀ gbé lọ.

Lálẹ́, iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn. Títì wa kì í ní iná, aṣọ dúdú sì ń sọ èèyàn di òkùnkùn fúnra rẹ̀. Ẹ dé akoto, kí ẹ so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Èyí tí a kò so kò wúlò lọ́jọ́ tí a bá ṣubú. Gbohùngbohùn inú etí, ẹ fi sílé, torí etí yín ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn ojú ọ̀nà kan wà tí n kò ní gbà lórí kẹ̀kẹ́, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni kó gbà wọ́n: márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, àti Third Mainland Bridge, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8 láìsí ibi tí èèyàn lè yà sí lórí omi. Ọ̀nà kọ̀rọ̀ àdúgbò ló yẹ kí kẹ̀kẹ́ máa gbà. Ó lè fi kìlómítà kan jìn ju títì ńlá lọ, ṣùgbọ́n ara rọ̀ níbẹ̀, èéfín kò sì pọ̀. Ẹ fi ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀, wá ọ̀nà tiyín.

Ìbàdàn kún fún òkè. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Jíà ni. Kẹ̀kẹ́ tó ní jíà, tí ẹ bá gbé ṣéènì sórí eyín kékeré níwájú àti eyín ńlá lẹ́yìn, ẹsẹ̀ yín á máa yí kíákíá ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń tẹ̀ kò ní wúwo. Ẹ yí i kí ẹ tó dé ìdí òkè, ẹ má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, torí ṣéènì lè fò tàbí kó já.

Kò sì pọn dandan kí ẹ gun òkè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tó yí i ká wà. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí Mápó lè sọ̀ kalẹ̀, kó tì í gun òkè. Láti UI (Yunifásítì Ìbàdàn) lọ sí Sángo tàbí sí ọjà Bódìjà, òkè ibẹ̀ kò tó ohun tó ń dá ẹni tí ara rẹ̀ le dúró.

Òjò àti òógùn ńkọ́?

Ẹ tètè jáde, ẹ má sáré, ẹ gbé ẹ̀wù kan àti tówẹ́ẹ̀lì kékeré sínú báàgì. Òógùn kì í pọ̀ tí eré kò bá pọ̀. Ní ti òjò, aṣọ òjò wà, ṣùgbọ́n òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá àti ìjì, ẹ dúró sábẹ́ ilé. Tí ẹ bá dé, ẹ fi àkísà nu ṣéènì, ẹ ta òróró díẹ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dógùn-ún kílẹ̀ tó mọ́.

Ṣé èéfín tí a ń fà símú kò ní pa wá lára ju eré ìdárayá náà ṣe máa ṣe wá láǹfààní?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 20 lọ, tó ń fi 20 bọ̀, lọ́jọ́ márùn-ún, ti kọjá iye yẹn láìwọ ilé eré ìdárayá kankan. Ẹni tó jókòó sínú Míkrà tí fèrèsé rẹ̀ ṣí náà kúkú ń fa èéfín. Ẹ yẹra fún ẹ̀yìn tírélà, ẹ gba ọ̀nà kọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Obìnrin ni mí, ìró ni mo sì máa ń ró. Ṣé mo lè gùn ún?

Ẹ lè gùn ún dáadáa, màmá. Kẹ̀kẹ́ tí irin rẹ̀ tẹ̀ kalẹ̀ láàárín ni kí ẹ rà, èyí tí ẹ kò ní í gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ tó gùn. Kí ó ní páànù tàbí rọ́bà tó bo ṣéènì, kí etí aṣọ má baà kó sí i. Àwọn kan máa ń wọ ṣòkòtò sábẹ́, wọ́n á ká ìró sókè, wọ́n á tú u sílẹ̀ tí wọ́n bá dé. Ọkùnrin tó wọ agbádá náà ní láti ká a sórí èjìká kó sì so ó, torí apá agbádá tó bá kó sí táyà ẹ̀yìn á fa olówó rẹ̀ lulẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kẹ̀kẹ́ ń ba ilé ọmọ obìnrin jẹ́. Kì í ṣe òótọ́ rárá. Aboyún ni kó bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ léèrè, nítorí ìṣubú.

Irú èwo ni kí n rà, báwo ni mo ṣe máa mọ tòkunbọ̀ tó dára?

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, ó sì sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, ẹ yí táyà, ẹ wò ó láàárín rọ́bà bíréèkì méjèèjì. Tí rímù bá ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ti wọ́, tàbí kí sípóòkù kan ti já. Ẹ di apá pẹ́dàlì mú, ẹ mì í sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá ń dún kọ̀kọ̀, bẹ́àrìn inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ fi ọwọ́ pa gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, pàápàá lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀dà tó wú tàbí tó là níbẹ̀, irin ló ti ń là lábẹ́. Èyí ni kò ní àtúnṣe, ẹ má rà á.

Táyà oní-ínṣì 26 ló rọrùn jù láti rí ní ọjà wa. Kẹ̀kẹ́ eré ìje tí táyà rẹ̀ tínrín kò yẹ kòtò wa. Nígbà tí ẹ bá sì dúró tí ẹ ya ẹsẹ̀ lé irin àárín, kí àyè tó ìka mẹ́ta wà láàárín irin àti ìtan yín.

Táyà mi jò lójú ọ̀nà. Kí ni kí n ṣe?

Fọkànísà pọ̀ ní gbogbo ìkóríta, ṣùgbọ́n ó dára kí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ tú táyà, ẹ fi ìdí ṣíbí méjì gbé etí rẹ̀ kúrò lára rímù. Ẹ má lo sukudiráfà, á gé túùbù. Ẹ fa túùbù jáde, ẹ fún un ní atẹ́gùn díẹ̀, ẹ rì í sínú abọ́ omi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ló jò. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ fi sáńpépà họ ọ́ títí á fi ṣú, ẹ fi súlúṣọ̀n sí i, kí ẹ sì dúró. Súlúṣọ̀n tó ṣì tutù kì í mú. Nígbà tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ ni kí ẹ gbé àlẹ̀mọ́ lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Kí ẹ tó dá túùbù padà, ẹ fi ọwọ́ rọra yí inú táyà ká. Ẹ̀gún, ìṣó tàbí ìgò tó gún un lè ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de àlẹ̀mọ́ yín. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ fọkànísà lẹ ti fẹ́ fa atẹ́gùn, ẹ ka iye tó wà lára táyà fún un, tó sábà máa ń wà láàárín 40 sí 65 lórí gééjì. Ẹ̀rọ tiwọn lágbára, túùbù kẹ̀kẹ́ sì ń bú láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹrù ọjà ńkọ́?

Káríà ẹ̀yìn àti rọ́bà túùbù àlòkù á di bíi kílò 15 sí 20 mú láìsí wàhálà. Ẹ gbé èyí tó wúwo sísàlẹ̀, ẹ má fi ọ̀rá kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ńkọ́?

Ó dára gan-an fún àwọn tí òkè ń dí lọ́wọ́. Bátìrì rẹ̀ sábà máa ń gba bíi ìdajì yúnìtì iná kí ó tó kún, ó sì lè gbé èèyàn rìn tó kìlómítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní sólà lórí òrùlé ti bọ́. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù ṣáájì rẹ̀ ti dá èéfín padà sí àyíká. Ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́jú lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà jáde nínú ilé, torí bátìrì tí kò dára lè gbaná.

Kí ló kan ìjọba nínú rẹ̀?

Púpọ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti bárò. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ kẹ̀kẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ètò ìlànà jáde ní 2018 fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ìlànà orí ìwé dára. Ohun tí a nílò ni ojú ọ̀nà tí a fi ìdènà yà sọ́tọ̀, tí Márúwá kò lè wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní tẹ́ ọjà sí.

Àwọn ìlú tí a ń yìn lónìí kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1971, èèyàn tó lé ní 3,000 ló kú sójú títì ní Netherlands, tí ọmọdé tó ju 400 sì wà lára wọn. Àwọn òbí jáde sígboro, wọ́n dí títì, wọ́n ní kí wọ́n dẹ́kun pípa ọmọ àwọn. Nígbà tí epo wọ́n ní 1973, ìjọba wọn ní kí ọkọ̀ má rìn lọ́jọ́ Àìkú fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ lójú méjèèjì. Bogotá ní Kòlóńbíà, tí kì í ṣe ìlú olówó, ti ń ti àwọn títì ńlá rẹ̀ pa fún ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti 1974, àwọn ará ìlú á sì tú síta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ wa nìyẹn ná: títì kan, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ láti 2018, á dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

London ni mo wà. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó tiẹ̀ rọrùn fún yín ju tiwa lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023, ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ń san £12.50 lójúmọ́ káàkiri London. Kẹ̀kẹ́ kò san kọ́bọ̀. Kẹ̀kẹ́ ìyálò wà lójú títì láàárín ìlú láti 2010. Bí ilé iṣẹ́ yín bá wà nínú ètò Cycle to Work, tó ti wà láti 1999, ẹ lè rí kẹ̀kẹ́ gbà, kí wọ́n máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí. Ọwọ́ òsì lẹ máa gbà níbẹ̀. Iná ṣe pàtàkì lábẹ́ òfin lálẹ́, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gùn ún lórí ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ẹ ra àgádágodo tó nípọn, torí olè kẹ̀kẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Mo ti dàgbà, n kò sì kọ́ ọ rí. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́ jù. Ẹ wá pápá ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì á fi kanlẹ̀, ẹ yọ pẹ́dàlì méjèèjì kúrò. Ẹ jókòó, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ẹ máa rìn lórí rẹ̀, ẹ má wo táyà, iwájú ni kí ẹ máa wò. Díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kó máa yọ́ lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti lè yọ́ lọ síwájú láìkanlẹ̀, tí ẹ sì lè fi bíréèkì dá a dúró, ẹ dá pẹ́dàlì padà. Tọ̀tún, bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ni. Tòsì, òdìkejì ni à ń yí i sí. Ẹ má fi agbára fún un, torí ojú rẹ̀ á jẹ.